Ojú Ìwé Kejì Kò Ní Orí

Ìwé tí mo fẹ́ yẹ̀ wò yìí kì í ṣe ìwé ìtàn. Ojú ìwé mẹ́ta péré ni, kọ̀ǹpútà ló sì tò ó. Èsì ìdánwò kíláàsì wa ni, tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ògiri ní òpin tẹ́ẹ̀mù kejì. Orúkọ mi bọ́ sí ojú ìwé kejì.

Nígbà tí bàbá mi dé ibẹ̀, òjò òru ti já ojú ìwé kìíní bọ́. Wọ́n fi ìka tẹ orúkọ mi, wọ́n tọ ìlà náà lọ títí wọ́n fi kan 38. Wọ́n ní, "Ṣé ohun tí o gbà nínú Ìṣirò nìyí?" Mo ní rárá, Iṣẹ́-ọnà ni, pé 74 ni mo gbà nínú Ìṣirò. Wọn ò gbà mí gbọ́, mi ò sì rí nǹkan kan tọ́ka sí, nítorí pé orí ojú ìwé kìíní nìkan ni wọ́n kọ orúkọ àwọn ẹ̀kọ́ sí. Nọ́ńbà lásán ló tò sí ojú ìwé kejì. Ìgbà tí olùkọ́ kíláàsì wa mú ìwé máàkì tiwọn jáde ni ọ̀rọ̀ tó yanjú.

Mi ò ní purọ́ mọ́ èsì náà. Àròpọ̀ rẹ̀ pé, orúkọ wa sì tò bó ṣe yẹ. Ẹni tó kọ ètò náà mọ ìṣirò. Ohun tí kò rò ni pé ojú ìwé lè yà kúrò lára ara wọn.

Àṣìṣe kejì tún burú ju ìyẹn lọ. Orúkọ àti máàkì akẹ́kọ̀ọ́ kan gbẹ̀yìn ojú ìwé kejì, ọ̀rọ̀ olùkọ́ nípa rẹ̀ sì bọ́ sí òkè ojú ìwé kẹta: "Ó gbọ́dọ̀ dín ariwo kù." Ẹni tí orúkọ rẹ̀ tẹ̀ lé e níbẹ̀ ni gbogbo èèyàn rò pé wọ́n ń bá wí.

Kí n má baà dà bí ẹni tó ń bú alásè láìdáná rí, mo fi Python kọ tèmi. Mo ti kà á pé ojú ìwé kan gba ìlà 66, nítorí náà mo ní kí ètò mi tún àkọlé tẹ̀ lẹ́yìn ìlà 66 kọ̀ọ̀kan. Àkọlé kejì jáde ní ìsàlẹ̀ ojú ìwé kìíní! Ìwé Amẹ́ríkà tó gùn ní íǹṣì 11 ló ni 66 yẹn, ìlà mẹ́fà sí íǹṣì kan. A4 tí à ń lò gùn ní mìlímítà 297, bí ìlà 70 ló gbà. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Èmi ò wo ilé.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Nínú ASCII, àmì tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 12 ló ń sọ fún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé pé kó bọ́ sí ojú ìwé tuntun; \f ni Python ń kọ ọ́. Kí ètò tó tẹ akẹ́kọ̀ọ́ kan, kó kọ́kọ́ wò ó bóyá àyè tó kù gba gbogbo ìlà rẹ̀. Bí kò bá gbà á, kó fi \f ránṣẹ́, kó tẹ àkọlé àti nọ́ńbà ojú ìwé, kó sì ka ìlà àkọlé náà mọ́ ìlà tó ti lò. Kì í ṣe ọgbọ́n tuntun. COBOL, tí ìlànà rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1960, ní apá kan tó ń jẹ́ Report Writer, tó ń bá èèyàn ṣe irú iṣẹ́ yìí.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní àkọlé púpọ̀ ń fi ìwé ṣòfò. Ìlà mẹ́rin ni àkọlé wa. Bí a bá tún un tẹ̀ sí ojú ìwé méjì yòókù, ìlà mẹ́jọ péré ni. Mo rò pé kò wọ́n jù.

Ẹni tó ń kọ ètò ń rí ìwé náà látòkè délẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà. Òbí kì í rí i bẹ́ẹ̀. Ojú ìwé tí orúkọ ọmọ rẹ̀ wà nìkan ló ń wá. Mo ti fún olùkọ́ wa ní ètò tí mo tún ṣe. Bí wọn ò bá tilẹ̀ lò ó, kí wọ́n ṣáà jẹ́ kí ojú ìwé kọ̀ọ̀kan ní orí tirẹ̀.