Ilé Kọ́ńsù: Àlejò Tó Di Onílé

Ní kíláàsì, a máa ń há ọjọ́ kẹfà oṣù kẹjọ ọdún 1861 sórí, ọjọ́ tí Ọba Dòsùnmú fọwọ́ sí ìwé tó sọ Èkó di ti Gẹ̀ẹ́sì. A kì í béèrè irú ilé tí àwọn tó gbé ìwé náà wá ń gbé. Lójú tèmi, ilé yẹn yẹ ní yíyẹ̀ wò.

Ní oṣù kejìlá ọdún 1851, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó, wọ́n lé Ọba Kòsọ́kọ́, wọ́n sì dá Akítóyè padà sórí oyè. Ní 1853, Benjamin Campbell dé gẹ́gẹ́ bíi kọ́ńsù, ìyẹn aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Èkó ṣì ní ọba tirẹ̀ nígbà náà. Àlejò ni kọ́ńsù.

Ilé onípáànù ni wọ́n kọ́ fún kọ́ńsù. Richard Burton, arìnrìn-àjò tó dé Èkó ní 1861, fi ilé náà ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní pósí onírin ni. Campbell kú ní 1859, Brand kú ní 1860, Foote kú ní 1861. Mi ò sọ pé páànù ló pa wọ́n. Lóòótọ́, iná kì í jó páànù bó ṣe ń jó òrùlé koríko. Àmọ́ ẹni tó bá ti jókòó sábẹ́ páànù lọ́sàn-án ọwọ́ ẹ̀rùn mọ̀ pé irú ilé bẹ́ẹ̀ kò dára fún aláìsàn. Ní Ìsàlẹ̀ Èkó nítòsí, ògiri amọ̀ tó nípọn àti àgbàlá tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí wà fún ẹni tó bá fẹ́ kọ́gbọ́n. Àlejò tí kò wo bí onílé ṣe ń kọ́lé ló jẹ̀bi.

Àbùkù tó jù ni iṣẹ́ tí àlejò náà ṣe. McCoskry, adelé kọ́ńsù, àti Bedingfield, ọ̀gá ọkọ̀ ogun Prometheus, fi ìbọn halẹ̀ mọ́ Dòsùnmú títí ó fi fọwọ́ sí ìwé. Wọ́n ta àsíá Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ọmọ ilé ìwé míṣọ́n sì kọrin ọba Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́yìn náà, McCoskry di adelé gómìnà. Àlejò àná di onílé.

Lónìí, ilé onípáànù náà kò sí mọ́. Ìgà Ìdúngànrán, tí wọ́n kọ́ sórí oko ata Àrómirẹ́, ṣì wà ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ọba sì wà níbẹ̀. Láti ọjọ́ kejìlá oṣù kejìlá ọdún 1991 tí olú-ìlú ti kó lọ sí Àbújá, kọ́ńsù ni ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè tún ní l'Ékòó, bíi ti ayé Campbell, a sì ń tò sẹ́nu ọ̀nà wọn nítorí físà.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ mú wa rìn láti Ìgà dé Màrínà, kí ẹ sọ ìtàn náà fún wa lójú ọ̀nà. Mi ò rò pé ẹnikẹ́ni ṣàlàyé ìwé náà fún àwọn ọmọ tó kọrin ní 1861. Ó yẹ kí á ṣàlàyé rẹ̀ fún àwa.