Ìró Àárín

Bí ènìyàn bá bi mí pé ta ni ó kọ́ mi ní gìtá kíkàn, mo lè dárúkọ ọ̀pọ̀ ẹni tí mo jókòó tì. Ṣùgbọ́n bí ó bá bi mí pé ta ni ó kọ́ mi bí a ti í gbọ́ gìtá, ẹnì kan ṣoṣo ni, ọ̀gá mi ní Òkè-Àdó, ní Ìbàdàn, ọmọ Àyàn-Àgalú, asọ̀rọ̀ igi, ọkùnrin tí ó fi ìlù bàbá rẹ̀ sílẹ̀ láti máa ṣe gìtá oníná fún àwọn oníjùjú, tí kò sì fi etí ìlù sílẹ̀.

Àwọn oníbàárà òde òní a máa wá bá mi pé kí n fi súìṣì kéékèèké mẹ́ta sí ojú gìtá wọn, kí bọ́tìnì fọ́líùmù ṣeé fà sókè kí ó sì ṣeé tẹ̀ sísàlẹ̀, kí pickup mẹ́ta lè fún wọn ní ìró méje. Wọn a ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n èwo nínú ọ̀nà méjèèje ni onígìtá jùjú yóò ráyè tọ̀, nígbà tí gìtá mẹ́ta ń fèsì fún ara wọn, tí akọrin ti ń ki olówó, tí gángan sì ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀? Brian May, onígìtá tí òun àti bàbá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kan gìtá rẹ̀ ní 1963, fi súìṣì mẹ́fà sí i, ó sì lò wọ́n bí ẹni tí ó mọ ìdí tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi wà níbẹ̀. Fún àwa yòókù, ohun tí ọwọ́ lè bá láìwojú ni ó tọ́: súìṣì kan tí ó ní ibùdúró mẹ́ta, fọ́líùmù kan, tóònù kan. Fọ́líùmù 250k fún oníkọ́ìlì kan, 500k fún oníkọ́ìlì méjì; ẹni tí ó wà nídìí iṣẹ́ yìí ti mọ èyí.

Ibùdúró àárín ni ọ̀rọ̀ mi, níbi tí pickup ọrùn àti pickup ìdí ti ń sọ̀rọ̀ pọ̀. Les Paul ti Gibson ti ní in láti 1952, ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ọdún títí di 1967, súìṣì Telecaster ti Fender kò fún ènìyàn ní méjèèjì papọ̀. Stratocaster tí ó jáde ní 1954 náà kò ní i. Àwọn onígìtá fúnra wọn ni ó há súìṣì sí agbede méjì ibùdúró méjì kí wọ́n tó rí ìró pickup méjì papọ̀, ó sì di 1977 kí Fender tó fi súìṣì oníbùdúró márùn-ún sí i. Ọwọ́ onígìtá ni ó ṣáájú.

Kí ọ̀gá mi tó fi lẹ́ẹ̀dì kan ibikíbi, a so wáyà pickup mọ́ mítà alábẹ́rẹ́ àtijọ́ rẹ̀, a sì gbé irin kan lé orí mágínẹ́ẹ̀tì lójijì. Abẹ́rẹ́ a fò sí ọ̀tún tàbí sí òsì. Bí ti èkejì bá fò sí ibi kan náà, wọn yóò fohùn ṣọ̀kan. Bí ó bá fò sí ibòmíràn, nígbà tí a bá pa wọ́n pọ̀, ohùn ìsàlẹ̀ yóò pa ara rẹ̀ rẹ́, èyí tí ó kù yóò sì máa ti imú jáde. Ẹni tí kò mọ̀ a sáré lọ ra pickup tuntun, nígbà tí ó jẹ́ pé wáyà méjì ni kí ó pààrọ̀ ipò wọn. Ṣùgbọ́n bí pickup ọrùn bá ní ìdérí irin bíi ti Telecaster, ẹ kọ́kọ́ já ìdérí náà kúrò lára wáyà pickup, kí ẹ fún un ní wáyà áàtì tirẹ̀. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, gìtá yóò máa kùn nígbàkígbà tí ọwọ́ bá kan irin náà.

Lẹ́yìn èyí ni iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Okùn ń gbọ̀n lókè pickup ọrùn ju ti ìdí lọ, nítorí náà bí gíga wọn bá dọ́gba, ti ọrùn yóò bo èkejì mọ́lẹ̀. A ó rẹ ti ọrùn sílẹ̀, a ó gbé ti ìdí sókè, ṣùgbọ́n kí mágínẹ́ẹ̀tì má sún mọ́ okùn jù, kí ó má baà máa fà á, kí ohùn má sì máa wárìrì. Ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi: ọ̀gá mi a yí sikúrù ní ìdá mẹ́rin ìyípo kan, a tún okùn tò, a ta á, a dákẹ́. Mo rí i ní alẹ́ kan, gìtá tẹ́nọ̀ ẹgbẹ́ kan wà lórí itan rẹ̀, ó ti ní kí gbogbo wa pa rédíò, ó di ojú, ó ń ta okùn kan náà títí oúnjẹ rẹ̀ fi tutù. Ó ní, “Bí o bá ṣì lè sọ pé èyí ni ti ọrùn, èyí ni ti ìdí, wọn kò ì tíì jọ. Nínú ẹgbẹ́ dùndún, ṣé o máa ń yọ gúdúgúdú sọ́tọ̀ kí o tó jó?” Ó tún yí i díẹ̀. Mo gbọ́ ọ nígbà tí wọ́n jọ: ohùn kan tí kì í ṣe ti ọ̀kankan nínú méjèèjì, tí ó mọ́, tí ó sì ní ara.

Ìdí nìyí tí inú fi ń bí mi sí súìṣì alápòótí olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń kó wá nísinsìnyí. Wọ́n dì í pa. Bí ó bá dọ̀tí, a kò lè nù ún, bí irin inú rẹ̀ bá rọ̀, a kò lè tẹ̀ ẹ́ padà, ibùdúró àárín ni ó sì sábà máa ń kọ́kọ́ kú. Èyí tí ó ṣí sílẹ̀ ni kí ẹ rà, bí ó tilẹ̀ wọ́n.

Ibùdúró àárín ni mo ṣì máa ń kọ́kọ́ tò títí di òní, bí ó bá sì ti dára, n kì í tún fọwọ́ kan ìró méjì tí ó kù. Oníbàárà tí ó fẹ́ súìṣì mẹ́ta, mo máa ń ní kí ó jókòó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ta á níbẹ̀ fún ìdajì wákàtí. Bí ó bá ṣì fẹ́ ẹ lẹ́yìn náà, mo máa ń ṣe é fún un.