Ìjẹ́wọ́ Sẹ̀gilọlá àti Ìjẹ́wọ́ Tiwa

Ẹni tí ó bá fi àrùn pamọ́ fún oníṣègùn, kí ó má ṣe retí ìwòsàn. Èrò yìí ni ó wà lọ́kàn wa nígbà tí a tún ka Ìtàn Ìgbésí Ayé Èmi Sẹ̀gilọlá ní ìlú Ọ̀tọ̀ níhìn-ín, bí a ti ń múra ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún àwọn tí Bíṣọ́ọ̀bù yóò gbé ọwọ́ lé lórí.

I. B. Thomas, olóòtú Akéde Èkó, ni ó kọ ìtàn náà. Ó tẹ̀ ẹ́ jáde díẹ̀díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn rẹ̀ láti 1929 títí di 1930, bí ẹni pé obìnrin kan tí ó ti lo ìgbà èwe rẹ̀ nínú àgbèrè, tí àìsàn sì ti dá wó, ni ó ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí i. Ní 2012 Karin Barber tún un gbé jáde, ó sì túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì.

Ìwé náà dùn ún kà. Òwe, orin ìgboro Èkó, orin ìsìn àti ọ̀rọ̀ Bíbélì kún inú rẹ̀. A kò bá Sẹ̀gilọlá wí nítorí pé ó fi orúkọ rẹ̀ gan-an pamọ́. Ìwé ìròyìn kì í ṣe ìtẹ́ àánú. Ohun tí ó ń kọ wá lóminú ni orísun ẹkún rẹ̀. Ẹwà tí ó ṣá, owó tí ó tán, ara tí ó di hẹ́gẹhẹ̀gẹ: wọ̀nyí ni ó ń mú un sunkún kíkorò. Bí ìyà kò bá jẹ ẹ́, ǹjẹ́ ìbá jẹ́wọ́ bí?

Ẹ jẹ́ kí a fi Augustine, Bíṣọ́ọ̀bù Hippo ní àríwá Áfíríkà, wé e. Nínú ìwé Ìjẹ́wọ́ rẹ̀, tí ó kọ ní nǹkan bí 1,600 ọdún sẹ́yìn, Ọlọ́run ni ó ń bá sọ̀rọ̀. Ó rántí èso tí òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ jí ká nígbà èwe. Ebi kò pa wọ́n. Síbẹ̀ ó wádìí ọkàn ara rẹ̀ títí ó fi rí i pé ìwà búburú náà gan-an ni ó dùn mọ́ òun.

Ṣùgbọ́n bí a bá fi ìka kan tọ́ka sí Sẹ̀gilọlá, mẹ́ta ń tọ́ka sí wa. Ní ọdún kan a na ọmọ ilé-ìwé kan nítorí ẹ̀ṣẹ̀ tí kò ṣẹ̀. A mọ òtítọ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, a sì dákẹ́ nítorí iyì wa. Ní ọjọ́ Ìsinmi a kúnlẹ̀ pẹ̀lú ìjọ, a ka ìjẹ́wọ́ gbogbogbò láìkọsẹ̀. A kò sì rántí ọmọ náà. Ìgbà tí a dárúkọ ọ̀ràn yìí fún Ọlọ́run, tí a sì bẹ ọmọ náà lójú ẹgbẹ́ rẹ̀, ni ọkàn wa tó balẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe rò pé ìyà tí ó kù lára ni ẹ̀rí pé Ọlọ́run kò dárí jì òun. Nígbà tí Dáfídì jẹ́wọ́ fún Nátánì, a dárí jì í ní ọjọ́ náà. Síbẹ̀ ọmọ rẹ̀ kú. Ọba náà dìde, ó wẹ̀, ó sì wọ ilé Olúwa lọ láti sìn. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ fi ìwé Sẹ̀gilọlá kọ́ àwọn àgbà ọmọ yín. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe dúró níbi ẹkún rẹ̀. Ẹ mú wọn dé ibi tí Dáfídì ti dìde.