Ewúrẹ́ Funfun Tí Yéjídé Fà Gun Òkè

Nínú Stay With Me, ìwé ìtàn àròsọ tí Ayọ̀bámi Adébáyọ̀ gbé jáde lọ́dún 2017, obìnrin kan tó kàwé ní Yunifásítì Ifẹ̀, tó sì ní ṣọ́ọ̀bù onídìrí tirẹ̀ ní Iléṣà, fa ewúrẹ́ funfun kan gun òkè lọ bá wòlíì. Yéjídé lorúkọ rẹ̀. Wọ́n ti kì í nílọ̀: ewúrẹ́ náà kò gbọ́dọ̀ ní egbò, kò gbọ́dọ̀ ní àwọ̀ mìíràn lára, òun àti ẹran náà kò sì gbọ́dọ̀ fi oúnjẹ tàbí omi kan ẹnu. Ẹran ń fà sẹ́yìn, obìnrin ń fà síwájú. Nígbà tí wọ́n fi máa dókè, ó ti rẹ̀ ẹ́ débi pé kò lókun àtijiyàn mọ́. Wọ́n fi aṣọ wé ewúrẹ́ náà bí ọmọ tuntun, wọ́n gbé e fún un, ó bá a jó, ó sì fún un lọ́yàn.

Ẹni tó bá ka ibẹ̀ yẹn kì í gbàgbé rẹ̀ bọ̀rọ̀. Ohun tó wù mí ni ká wo ọwọ́ tó ṣe é. Adébáyọ̀ kò sọ fún wa rárá pé ewúrẹ́ yìí dúró fún ọmọ tí Yéjídé ń wá. Ẹran ló jẹ́ kí ẹran jẹ́. A mọ bó ṣe wúwo, a mọ̀ pé ó lágídí, a mọ̀ pé ebi ń pa òun àti ẹni tó ń fà á. Ara Yéjídé ló kọ́kọ́ rẹ̀, lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ wá yí padà, tó fi rí ọmọ nínú aṣọ tí wọ́n fi wé ẹran. Òǹkàwé tó ti bá a gun òkè náà, tí ó ti rẹ òun náà, kò lè fi í ṣẹ̀sín. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, ó ní òun ti lóyún. Ikùn rẹ̀ ń ga sí i, oṣù ń gorí oṣù, wọ́n ṣe síkáànì fún un títí, kò sí ọmọ níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá sì rántí ìtàn Olúrónbí, èyí tí òǹkọ̀wé náà mú wọ inú ìwé yìí, á rántí pé ewúrẹ́ àti àgùntàn ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ́jẹ̀ẹ́ fún ìrókò, kí òun tó lọ jẹ́jẹ̀ẹ́ ọmọ tó bí.

Ní agbègbè tiwa, láti Òbò-Ayégúnlẹ̀ dé Ọ̀sí, dé Ìlọ́fà àti Odò-Ọwá, ojú wa mọ irú iṣẹ́ ọwọ́ bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ àwọn agbẹ́gilére ni. Ọ̀sí ni Aréògún ti gbẹ́gi títí tó fi kú lọ́dún 1954. Kájọlà ni Bámigbóyè, tó kú lọ́dún 1975, ti ṣe àwọn ère Ẹpa agbélórí ńláńlá tí wọ́n kó jọ fún ìpàtẹ ní Yunifásítì Yale lọ́dún 2022. Abiyamọ tó kúnlẹ̀ wà lára ohun tí àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ẹkùn yìí máa ń gbẹ́ jù, ọmọ lẹ́yìn, ọmọ níwájú, nígbà mìíràn ọmọ yí i ká. Ọ̀dọ́kùnrin ló ń gbé Ẹpa yẹn lórí, ó sì gbọ́dọ̀ fò pẹ̀lú rẹ̀ gun òkìtì kí ó má ṣubú. Fún ẹni tó gbé e, igi ni kó tó di ìyá. Ọrùn rẹ̀ mọ̀ ọ́n kí ojú tó mọ̀ ọ́n. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ewúrẹ́ Yéjídé ṣe rí, mo sì gbà pé ibẹ̀ ni agbára àmì tòótọ́ ti ń wá nínú ìtàn: kó kọ́kọ́ jẹ́ nǹkan tó ṣeé gbé, kó tó jẹ́ nǹkan tó ṣeé túmọ̀.

Àmọ́ ọ̀nà yà níbì kan. Abiyamọ orí Ẹpa kì í sọ̀rọ̀. Ojú rẹ̀ tutù, a kí i, a kí ọmọ rẹ̀, ó parí. Kò sẹ́ni tó bi í pé kí ló wà nínú rẹ̀ tó fi kúnlẹ̀. Ohun tí Adébáyọ̀ wọ inú ìwé rẹ̀ lọ béèrè nìyẹn.

Ẹ wo ìgbà tí àwọn àgbà mú Fúnmi wá. Bàbá Lọlá láti ìdílé ọkọ, Ìyá Màtá tó jẹ́ ìyàwó bàbá Yéjídé fúnra rẹ̀, wọ́n jókòó sí pálọ̀ obìnrin yìí, wọ́n ní ìyàwó kékeré rèé o.  Yéjídé bọ̀wọ̀ fún wọn, ó kúnlẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó lọ sí kíṣìnnì, ó da ẹ̀wà tó ti di ọjọ́ mẹ́ta pọ̀ mọ́ èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sè, ó bù ú fún wọn. Wọ́n jẹ ẹ́. Inú ìkòkò yẹn ni mo ti kọ́kọ́ pàdé Yéjídé gan-an. Ìkúnlẹ̀ àti ẹ̀rín jẹ́ ti gbogbo ayé, ẹ̀wà yẹn nìkan ló jẹ́ tirẹ̀. Òǹkọ̀wé mìíràn ì bá fún un ní ọ̀rọ̀ gígùn láti sọ nípa ẹ̀tọ́ obìnrin. Adébáyọ̀ fún un ní ìkòkò ẹ̀wà, ó sì tó.

Ohùn méjì ló ń ròyìn ìtàn náà, ti Yéjídé àti ti Akin ọkọ rẹ̀, òṣìṣẹ́ báńkì. Ètò yìí ni mo kà sí iṣẹ́ tó nira jù nínú ìwé náà, nítorí Akin ló mú irọ́ náà dání, ẹnu rẹ̀ la sì ti ń gbọ́ ọ bí ẹni pé ìfẹ́ ni. Akúra ni Akin. Yéjídé kò mọ ọkùnrin kankan kó tó mọ̀ ọ́n, nítorí náà ohun tí ọkọ sọ fún un nípa ibùsùn ló gbà gbọ́. Òun ló ń mu àgbo, òun ló ń gbààwẹ̀, òun ló gun òkè, òun ni Mọ́ọ̀mi, ìyá ọkọ, ń bi léèrè ọmọ. Ẹni tó mọ òótọ́ jókòó sílé, ó ń wò ó. Nígbà tó yá, ó lọ bẹ Dọ̀tun àbúrò rẹ̀ pé kó bá òun ṣe ohun tí òun kò lè ṣe, láìjẹ́ kí ìyàwó mọ̀ pé àdéhùn wà nílẹ̀. Ìnira ibẹ̀ ni pé Akin nífẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní tòótọ́. Òǹkọ̀wé kò sọ ọ́ di ìkà, bẹ́ẹ̀ ni kò dá a sílẹ̀.

Ọmọ dé. Ẹ fi etí sí bí orúkọ ṣe tẹ̀léra: Ọlámidé, Ṣẹ̀san, Rótìmí. Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá kò nílò àlàyé. Àkọ́kọ́ jẹ́ ayọ̀, èkejì jẹ́ gbígba ẹ̀san, ẹ̀kẹta jẹ́ ẹ̀bẹ̀, àwọn méjì àkọ́kọ́ sì ti wà nínú ilẹ̀ kí ẹ̀bẹ̀ yẹn tó jáde. Ẹ̀bẹ̀ kan náà ló fi ṣe àkọlé ìwé. Ilé ìwòsàn ní fòníkú-fọ̀ladìde ni, àwọn ará ilé ní àbíkú ni, òǹkọ̀wé sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ méjèèjì jókòó pọ̀ nínú ilé kan láìfi ọ̀kan bú èkejì. Ó bọ̀wọ̀ fún ìmọ̀ dókítà, ó bọ̀wọ̀ fún ẹ̀rù ìyá àgbà. Èyí ṣọ̀wọ́n nínú ìwé tí àwọn ọmọ wa ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ.

Ọ̀rọ̀ obìnrin tí kò lọ́mọ kì í ṣe tuntun lọ́wọ́ àwọn òǹkọ̀wé wa. Nínú eré Akínwùmí Ìṣọ̀lá, ikú ọmọ kan ṣoṣo tí Ẹfúnṣetán bí ló sọ ọkàn rẹ̀ di òkúta, títí tó fi ṣòfin pé ẹrú òun kò gbọ́dọ̀ bímọ. Flora Nwapa gba ọ̀nà mìíràn lọ́dún 1966: Efuru tirẹ̀ rí ibi ìsinmi lọ́dọ̀ obìnrin inú adágún, tó lẹ́wà, tó lówó, tí kò sì bímọ. Yéjídé kò di òkúta bí Ẹfúnṣetán, kò sì sí òrìṣà tó gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ìyá rẹ̀ kú nígbà tó ń bí i, wọn kò sì mọ ìdílé tí ìyá náà ti wá. Láàárín àwọn ìyàwó bàbá rẹ̀ ló dàgbà sí láìlẹ́ni. Ọmọ tó ń wá kì í ṣe láti fi dí ẹnu ayé nìkan. Ẹni kan ṣoṣo tó máa jẹ́ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láyé ló ń wá. Ìdí nìyí tí ikú àwọn ọmọ náà fi gba ohun tó ju ọmọ lọ lọ́wọ́ rẹ̀, ìdí náà nìyí tó fi kọ̀ láti fún Rótìmí ní ìfẹ́ tó ti fún àwọn tó ṣáájú.

Ibi tí ìwé náà kò ti fi bẹ́ẹ̀ dùn mọ́ mi ni ibi tí ìjọba ológun ti ń wọlé wọ̀de. Ìròyìn ìfipágbàjọba 1985 àti ti ìbò June 12, 1993 máa ń dé bí àlejò tó kàn wá kí ni, tó sì ń lọ. Ọ̀kan ṣoṣo ló wọ inú egungun ìtàn náà: nínú rúkèrúdò 1993, nígbà tí Akin àti ọmọ wà ní Èkó, Yéjídé gbà pé Rótìmí ti kú. Kò padà lọ wo òkú. Ó kó ẹrù rẹ̀, ó gba Jọ́ọ̀sì lọ, ó sì gbé níbẹ̀ fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Ọ̀pọ̀ òǹkàwé ń bínú sí i nítorí èyí. Wọ́n ní ìyá wo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mo rò pé ibẹ̀ gan-an ni ìgboyà Adébáyọ̀ ti ga jù. Kò gbèjà rẹ̀, kò wá àwíjàre kankan fún un. Ó jẹ́ kí obìnrin tí gbogbo ayé ti fi ọmọ wọ̀n dìde kúrò lórí ìwọ̀n, ó sì jẹ́ ká rí ohun tó ná an.

Àwọn mìíràn ní ìparí rẹ̀ rọrùn jù, pé kò yẹ kí Yéjídé padà wá síbi ìsìnkú bàbá ọkọ ní Iléṣà lọ́dún 2008, kó wá bá ọmọ náà láàyè. N kò bá wọn gbà. Ọmọ tó pàdé kì í ṣe èyí tó fi sílẹ̀. Ó ti dàgbà láìsí i, ó sì ti gé orúkọ ara rẹ̀ kù, Tìmí ló fẹ́ kí wọ́n máa pe òun. Yéjídé náà kò padà wá ṣe ìyàwó ẹnikẹ́ni. Ẹjọ́ wà láàárín òun àti Akin, ó sì wá rò ó lójúkojú.