Àwọn Ọdún Ìlú Salvador

Salvador ni olú-ìlú ìpínlẹ̀ Bahia lórílẹ̀-èdè Bràsíìlì. Àwọn Potogí ló tẹ̀ ẹ́ dó lọ́dún 1549. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tí ogun kó lẹ́rú, pàápàá ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1800, ni wọ́n gba etíkun ibẹ̀ kó wọ̀lú. Wọn kò rí ẹrù dì, ṣùgbọ́n orin, ìlù, oúnjẹ àti òrìṣà bá wọn dé. Ìdí nìyí tí ọdún ìjọ Kátólíìkì àti ọdún òrìṣà fi ń bọ́ sí ọjọ́ kan náà nílùú yìí.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú fífọ ṣọ́ọ̀ṣì Bonfim, ní Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù kìíní. Láti ṣọ́ọ̀ṣì Conceição da Praia létí omi ni èrò ti ń gbéra, wọ́n á sì fẹsẹ̀ rin nǹkan bíi kìlómítà 8. Àwọn ìyá tí wọ́n ń pè ní baiana ló ń ṣáájú. Funfun ni wọ́n ń wọ̀ látòkè délẹ̀: yẹ̀rì gbàgẹ̀rẹ̀, bùbá lésì, gèlè, pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀ lọ́rùn. Wọ́n ru ìkòkò amọ̀ sórí. Omi olóòórùn dídùn ló wà nínú rẹ̀, òdòdó funfun sì yọ lẹ́nu ìkòkò. Bí wọ́n bá dé orí òkè tí ṣọ́ọ̀ṣì Bonfim wà, wọn yóò bá ilẹ̀kùn ní títì. Àtẹ̀gùn àti iwájú ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ń da omi sí, tí wọ́n sì ń fi ìgbálẹ̀ gbá. Wọ́n á tún bù ú wọ́n ẹni tó bá tẹrí ba láti gba ìbùkún.

Ó yẹ ká mọ ìdí tí ilẹ̀kùn fi ń wà ní títì. Láyé ìjọsí, àwọn ẹrú ni wọ́n ń pàṣẹ fún láti fọ inú ṣọ́ọ̀ṣì de ọjọ́ àjọ̀dún. Àwọn yẹn fọ ọ́ tijó-torin, wọ́n sì fi ń sin Òrìṣà-ńlá, ẹni tí wọ́n kà sí ọ̀kan náà pẹ̀lú Olúwa Bonfim, ìyẹn Jésù. Nígbà tó di ìparí àwọn ọdún 1800, àwọn aláṣẹ ìjọ fòfin de fífọ inú ilé. Àwọn ìyá kò jáwọ́; àtẹ̀gùn ni wọ́n yí sí. Lójú tèmi, kò sí ọdún tó jinlẹ̀ tó èyí ní Salvador. Títí dòní, ọ̀pọ̀ ará ìlú ló ń wọ funfun lọ́jọ́ Ẹtì nítorí Òrìṣà-ńlá.

Ọjọ́ kejì oṣù kejì ni ti Yemọja ní àdúgbò Rio Vermelho. Àwọn apẹja ló dá a sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1920, nígbà tí ẹja wọ́n lókun. Òdòdó, lọ́fíńdà, ọṣẹ, ìyarun àti dígí ni èrò ń kó sínú agbọ̀n ńláńlá, torí ìyá tó fẹ́ràn ọ̀ṣọ́ ni. Lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, ọkọ̀ ojú omi á gbé wọn lọ sójú agbami. Èyí tó bá rì, ìyá ti gbà á nìyẹn. Èyí tó bá padà sétí omi, kò gbà á.

Carnaval ló ń ṣáájú ààwẹ̀ Lẹ́ńtì. Ẹgbẹ́ méjì ló yẹ kí Yorùbá wò níbẹ̀: Filhos de Gandhy, tí àwọn òṣìṣẹ́ èbúté dá sílẹ̀ lọ́dún 1949, tí wọ́n ń fi agogo àti ìlù Ìjẹ̀ṣà rìn, àti Ilê Aiyê, tí àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ dúdú àdúgbò Curuzu dá sílẹ̀ lọ́dún 1974, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ ńlá kì í fẹ́ gbà wọ́n mọ́ra.

Iná ọdún São João (Jòhánù Mímọ́) àti oúnjẹ àgbàdo ló ń gbòde lóṣù kẹfà. Ní ọjọ́ kejì oṣù keje, wọ́n ń rántí bí wọ́n ṣe lé ọmọ ogun Potogí kúrò ní Bahia lọ́dún 1823.

Ọjọ́ 27 oṣù kẹsàn-án jẹ́ ti Cosme àti Damião, ìbejì tí ìjọ ń bọ̀wọ̀ fún. Ọjọ́ Ìbejì náà ni. Ilá tí wọ́n rẹ́ wẹ́wẹ́, epo pupa àti edé gbígbẹ ni wọ́n fi ń se caruru. Ọmọdé 7 ni wọ́n ń kọ́kọ́ gbé e kalẹ̀ fún, wọ́n á jókòó yí i ká nílẹ̀, wọ́n á fọwọ́ jẹ ẹ́. Àwọn ọmọ á yó tán kí àgbà tó bu tirẹ̀. Ẹni tó bá sì bá odidi ilá nínú àwo rẹ̀, òun ni yóò se ti ọdún tó ń bọ̀.

Ní ọjọ́ 4 oṣù kejìlá, aṣọ pupa á kún Pelourinho, ìgboro àtijọ́. Barbara Mímọ́ ni ìjọ ń ké pè nítorí àrá àti iná, ìyẹn ni wọ́n ṣe pa á pọ̀ mọ́ Ọya, aya Ṣàngó, tó ni ìjì. Barbara náà ni aláàbò àwọn panápaná, nítorí náà èrò á gbé ère rẹ̀ yà lọ́dọ̀ wọn kí wọ́n tó gbé e dé ọjà tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń bu caruru fún ẹni tó bá wá.