Òṣèré tó Di Ìwọ̀fà: Iṣẹ́ àti Ìgbé Ayé Omar Sharif

Ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹwàá oṣù Keje ọdún 2015, nígbà tí ààwẹ̀ Ramadan ń lọ sí òpin, Omar Sharif, òṣèré ọmọ ilẹ̀ Íjíbítì, jáde láyé ní ìlú Káírò. Ẹni ọdún 83 ni. Àwòrán rẹ̀ tí ayé mọ̀ jù lọ ni ti ọ̀dọ́mọkùnrin tó wọ aṣọ dúdú lórí ràkúnmí láàárín aṣálẹ̀. Àwòrán yìí ti lé ní àádọ́ta ọdún nígbà tí ó kú. Ìbéèrè tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nìyí: òṣèré tó lo bí ọgọ́ta ọdún nídìí iṣẹ́, kí ló dé tó fi jẹ́ pé iṣẹ́ tó ṣe láàárín bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àkọ́kọ́ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń rántí rẹ̀? Lójú tiwa, kì í ṣe pé ẹ̀bùn rẹ̀ tán. Ohun tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni agbára àtisọ pé, “Èmi kò ní í ṣe èyí.” Tẹ́tẹ́ ló sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa lè má mọ ohun tí à ń pè ní ìwọ̀fà. Láyé àwọn baba wa, ẹni tó fẹ́ yá owó lè fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ olówó, kí ó máa bá a ṣiṣẹ́ títí wọn yóò fi san owó náà tán. Ìwọ̀fà kì í ṣe ẹrú. Ọmọ ilé ire ni, ó sì lè mọ iṣẹ́ oko ju olówó rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá mọ́, kò lè yan oko tí yóò ro. Irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ ni a fi Omar Sharif wé, a ó sì fi iṣẹ́ rẹ̀ ṣe ẹ̀rí.

Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Íjíbítì

Ìlú Alẹkisáńdíríà ni wọ́n bí i sí ní ọjọ́ kẹwàá oṣù Kẹrin ọdún 1932. Michel Chalhoub ni orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́. Onígbàgbọ́ ìjọ Kátólíìkì ni wọ́n, ilẹ̀ Ṣáámù ni ìdílé wọn sì ti ṣẹ̀ wá. Òwò igi gẹdú ni baba rẹ̀ ń ṣe. Wọ́n fi ọmọ náà sí Victoria College, ilé-ìwé àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ibẹ̀ ló sì ti kọ́kọ́ gun orí ìtàgé. Ó tún lọ sí Yunifásítì Káírò, níbi tó ti kọ́ ìmọ̀ ìṣirò àti físíìsì, kí ó tó bá baba rẹ̀ ṣòwò fún ìgbà díẹ̀.

Olùdarí sinimá tó mú un jáde ni Youssef Chahine. Ní 1954 ló fún un ní ipa Ahmad nínú Sira‘ fi al-Wadi, tó túmọ̀ sí Ìjà ní Àfonífojì. Ahmad yìí jẹ́ ọ̀dọ́ tó kàwé, tó padà wá sí ìlú rẹ̀ láti ran àwọn àgbẹ̀ lọ́wọ́ kí ìrèké wọn lè dára sí i. Inú Páṣà tó ni ilẹ̀ rẹpẹtẹ kò dùn sí èyí, wọ́n sì fi ẹ̀sùn èké pa baba ọmọ náà. Faten Hamama, tí òkìkí rẹ̀ ti kàn ká gbogbo ilẹ̀ Lárúbáwá, ló bá a ṣeré náà. Ní 1955, òṣèré wa gba ẹ̀sìn Ìsìláàmù, ó sì fẹ́ Faten níyàwó. Àwọn kan ń sọ pé torí obìnrin ló ṣe ṣe é. Àwa kò ní í dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí Ọlọ́hun nìkan ló mọ ohun tó wà nínú ọkàn ẹ̀dá. Iṣẹ́ rẹ̀ ni a fẹ́ wò.

Nínú àwọn sinimá tó ṣe nílé, Bidaya wa Nihaya, ìyẹn Ìbẹ̀rẹ̀ àti Òpin, ti 1960, ni a gbà pé ó ga jù. Salah Abu Seif ló darí rẹ̀. Inú ìwé Naguib Mahfouz, òǹkọ̀wé tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1988, ni wọ́n ti mú ìtàn rẹ̀. Baba ilé kan kú, òṣì sì wọlé dé. Omar Sharif ṣe Hassanein, àbíkẹ́yìn ọkùnrin tí gbogbo ilé pa owó pọ̀ fún kí ó lè di ọ̀gá ológun. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ń ṣe iṣẹ́ ibi, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin sì ta iyì ara rẹ̀. Nígbà tí Hassanein mọ ibi tí owó tó gbé e ga ti wá, ìtìjú ló mú un, àánú kò sí níbẹ̀. Ìtìjú yìí ló ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin sí odò Náílì, òun náà sì tẹ̀ lé e. Ó ṣòro kí òṣèré arẹwà tó gbà láti ṣe ẹni tí inú bí òǹwòran sí báyìí. Omar Sharif gbà, kò sì bẹ̀ wá pé kí á fẹ́ràn òun. A rí igbéraga Hassanein, a tún rí ẹ̀rù tó fi í bò mọ́lẹ̀. Bí òṣèré ti í ṣe nìyẹn nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá tú sílẹ̀.

Kànga inú aṣálẹ̀

Ní 1962 ni ayé yòókù mọ̀ ọ́n, nínú Lawrence of Arabia tí David Lean darí. Kì í ṣe òun ni wọ́n kọ́kọ́ mú fún ipa Sherif Ali. Maurice Ronet, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ni wọ́n ti mú tẹ́lẹ̀. Ẹ wo bí Sherif Ali ṣe wọ inú sinimá náà. Ọkùnrin méjì wà létí kànga. Nǹkan kan bí ẹyọ iyanrìn dúdú yọ lọ́ọ̀ọ́kán, ó ń gbọ̀n nínú ooru, ó ń tóbi díẹ̀díẹ̀. Kò sí orin kankan. Nígbà tí a ó fi mọ̀ pé ènìyàn ni, ìbọn ti dún, ọ̀kan nínú àwọn méjì náà ti ṣubú, nítorí pé ó mu omi kànga tí kì í ṣe ti ẹ̀yà rẹ̀.

Àwọn lámèyítọ́ yin ọgbọ́n ẹ̀rọ ayàwòrán tó mú ìran yìí wá, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìrìn àjò ọkàn Sherif Ali ló wú wa lórí jù. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ nípa pípa ènìyàn nítorí omi ni ẹ̀jẹ̀ wá ń kó nírìíra kí ìtàn tó tán. Lawrence tó wá láti Íńgílándì ni ìpànìyàn ń dùn mọ́. Lárúbáwá tí wọ́n ń wò bí òǹrorò ló ń bẹ̀ ẹ́ pé kí ó dáwọ́ dúró. Ọmọ Íńgílándì ni Alec Guinness tó ṣe Faisal ọmọ ọba. Mẹ́síkò ni wọ́n bí Anthony Quinn tó ṣe Auda sí. Ọ̀dà ojú ni wọ́n fi sọ wọ́n di Lárúbáwá. Wíwà tí Omar Sharif wà láàárín wọn ni kò jẹ́ kí eré náà di eré agbada ojú lásán. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Golden Globe, wọ́n sì dárúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn tó yẹ fún Oscar.

Ní 1965 ló ṣe Doctor Zhivago lábẹ́ olùdarí kan náà, ó sì tún gba Golden Globe. Tarek ọmọ rẹ̀ ló ṣe Zhivago nígbà tó wà lọ́mọdé. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ló pọ̀ jù nínú ipa yìí. Dókítà akéwì náà ń wo bí ogun àti ìjọba tuntun ṣe ń fọ́ ayé rẹ̀, ojú rẹ̀ ló sì fi ń sọ gbogbo rẹ̀.

Bí ọwọ́ ṣe dì

Láti ìgbà náà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ojú kan ṣoṣo yìí ṣe gbogbo ẹ̀yà. Ó ṣe Genghis Khan ní 1965. Ó ṣe ọmọ ọba Ọ́sítríà nínú Mayerling ní 1968, ó sì ṣe Che Guevara nínú Che! ní 1969. Nínú Funny Girl ti 1968, ó ṣe Nicky Arnstein lẹ́gbẹ̀ẹ́ Barbra Streisand, ọmọ Júù. Wọ́n ń ya sinimá náà ní kété lẹ́yìn ogun 1967, inú sì bí àwọn oníwèé ìròyìn ní Íjíbítì gidigidi. Ariwo yẹn bo nǹkan kan mọ́lẹ̀ tó yẹ kí ènìyàn rí. Ta ni Nicky Arnstein? Atatẹ́tẹ́ ni, arẹwà tó mọ aṣọ wọ̀, tí tẹ́tẹ́ kó sí gbèsè, tó wá fọ́ ilé rẹ̀. Ó ṣe ipa yìí bí ẹni pé kò wúwo lọ́wọ́ rẹ̀ rárá.

Lẹ́yìn sinimá, ojú ayé ló kù. Ó fẹ́ràn eré káàdì tí wọ́n ń pè ní bridge. Eré ọgbọ́n ni èyí, ó sì mọ̀ ọ́n débi pé ó bá àwọn ọ̀jáfáfá àgbáyé díje, ó sì ń kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn ní Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n kò dúró síbẹ̀. Ilé tẹ́tẹ́ ni owó rẹ̀ ń gbà lọ lóru. Òun fúnra rẹ̀ ló ń sọ fún àwọn oníròyìn pé gbèsè tẹ́tẹ́ ló mú kí òun gba àwọn iṣẹ́ kan tí kò tọ́ sí òun.

Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ẹ jẹ́ kí á gbọ́ tẹnu ẹni tó lè gbèjà rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ sinimá tó mú un lọ sí Amẹ́ríkà fi àdéhùn ọdún púpọ̀ dì í, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Lásìkò ìjọba Nasser, ìrìnnà jáde ní Íjíbítì kò rọrùn, èyí sì wà lára ohun tó mú un jókòó sí òkèèrè. Òun àti Faten pínyà, wọ́n sì kọ ara wọn sílẹ̀ ní 1974. Bákan náà, kò sí ipa gidi púpọ̀ fún Lárúbáwá nínú sinimá Òyìnbó. Òótọ́ ni gbogbo èyí. A sì gbà pé iṣẹ́ rẹ̀ lórí tẹlifíṣàn, bí Peter the Great ti 1986, kì í ṣe ohun ìtìjú. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò jẹ gbèsè ìbá ti dúró de iṣẹ́ rere. Ẹni tí olówó ń retí kò lè dúró.

Ẹ wo The 13th Warrior tó jáde ní 1999. Ó dun àwa olùkọ́ èdè Lárúbáwá púpọ̀. Inú rẹ̀ ni Ahmad ibn Fadlan wà, ẹni tí Kálífà al-Muqtadir rán láti Bàgídáàdì ní ọdún 921 lọ sí ọ̀dọ̀ ọba àwọn Bulgar létí odò Volga, tó sì kọ ohun tó rí sílẹ̀ nínú Risala rẹ̀. Antonio Banderas, ọmọ ilẹ̀ Sípéènì, ni wọ́n fi ṣe Ibn Fadlan. Òṣèré Lárúbáwá tó lókìkí jù láyé, ògbufọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n fi í ṣe, kò sì pẹ́ tí a kò fi rí i mọ́ nínú ìtàn.

“Rárá” tó sọ nígbẹ̀yìn

Lẹ́yìn iṣẹ́ yìí ló sọ pé ó tó gẹ́ẹ́. Ó dẹ́kun gbígba iṣẹ́ tí kò wù ú. Nígbà tí yóò padà, ní 2003, Monsieur Ibrahim ló bá padà. François Dupeyron ló darí rẹ̀. Ìtàn bàbá arúgbó Mùsùlùmí kan ni, tó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré ní Paris. Àwọn aládùúgbò ń pè é ní Lárúbáwá, bẹ́ẹ̀ ará Túúkì ni. Lẹ́nu wọn, ẹni tí kì í tètè ti ṣọ́ọ̀bù ni ọ̀rọ̀ náà ń jẹ́. Ọmọ Júù kan tí kò rí ìtọ́jú lọ́wọ́ baba rẹ̀ ń jí agolo oúnjẹ níbẹ̀. Bàbá mọ̀, ó dákẹ́. Díẹ̀díẹ̀ ló sọ ọmọ náà di tirẹ̀, ó kọ́ ọ ní ẹ̀rín músẹ́, ó sì mú un rìnrìn àjò dé Túúkì. Níbẹ̀ ni bàbá kú sí, tó fi ṣọ́ọ̀bù àti Àlùkùránì rẹ̀ sílẹ̀ fún ọmọ náà.

Kò sí ràkúnmí níbẹ̀, kò sí ẹwà tí a ń wò. Irun funfun, aṣọ ṣọ́ọ̀bù, àti ojú tó mọ ènìyàn ló kù. A rí i pé gbogbo ẹ̀bùn tó fi ṣe Hassanein ṣì wà níbẹ̀ digbí, ó sì ti wá gbó bí ọtí èso tí a pamọ́ fún ìgbà pípẹ́: oyin ni ká kúkú pè é. Ilẹ̀ Faransé fún un ní César ní 2004 gẹ́gẹ́ bí òṣèrékùnrin tó dára jù. Nígbà tó di 2008, ó padà sí Íjíbítì láti bá Adel Imam ṣe Hassan wa Murqus, níbi tó ti ṣe ṣéèkì Mùsùlùmí tó ní láti fi ara pamọ́ bí Onígbàgbọ́. Ó tún sọ fún àwọn oníròyìn pé òun ti fi káàdì àti tẹ́tẹ́ sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣírò ọdún tó wà láàárín Doctor Zhivago àti Monsieur Ibrahim. Ọdún 38 ni. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ní 33 ti di ẹni 71. Kò sí ẹni tó lè bá a gba ìyẹn padà.

Ìdí nìyí tí a fi mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ wá fún ẹ̀yin ọ̀dọ́, nígbà tí tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù ti wọ inú fóònù yín tí ẹnikẹ́ni kò sì rí ẹni tó ń ta á. Ẹ máa ń gbọ́ pé tẹ́tẹ́ ń jẹ owó. Ti Omar Sharif fi hàn pé ó ń jẹ iṣẹ́ ọwọ́ ẹni pẹ̀lú, nítorí pé ẹni tí gbèsè ń lé kì í lè kọ iṣẹ́ burúkú. Télọ̀, mẹkáníìkì, olùkọ́, akọ̀wé, bákan náà ni fún gbogbo wọn.

Bí ẹ bá fẹ́ wo iṣẹ́ òṣèré yìí, ẹ kọ́kọ́ wá Bidaya wa Nihaya, kí ẹ wo Lawrence of Arabia tẹ̀ lé e, kí ẹ sì fi Monsieur Ibrahim kádìí rẹ̀. Àwọn mẹ́ta yìí tó láti mọ irú ẹni tí a ní. Ọlọ́hun kí Ó dárí jì í, kí Ó sì má ṣe jẹ́ kí a fi ẹ̀bùn wa ṣe ìwọ̀fà. Àmín.