Àfojúsùn àti Àlàáfíà Ara, Ọkàn àti Ẹ̀mí: Àgbéyẹ̀wò Ìrìnàjò Òkè Láńgbòdó nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀

Ìfáàrà

Bí Yorùbá bá pàdé ara wọn, ìbéèrè tí ó sáábà máa ń ṣáájú ni ‘Ṣé àlàáfíà ni?’ Ẹni tí ó béèrè kò béèrè nípa ibà tàbí orí fífọ́ nìkan. Ara, ilé, ọmọ, iṣẹ́ àti ìfọ̀kànbalẹ̀ ni ó ń béèrè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Òye yìí gbòòrò ju ti àwọn tí wọ́n ka ìlera sí àìsí àrùn lọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé pàápàá, nínú òfin ìdásílẹ̀ rẹ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1948, ṣàlàyé pé ìlera kan ara, ọkàn àti ìbágbépọ̀ ènìyàn. Síbẹ̀ kò dárúkọ ẹ̀mí.

Lóde òní, ẹ̀kọ́ nípa bí ènìyàn ṣe lè gbé àfojúsùn kalẹ̀ fún ìlera ara rẹ̀ ti gbilẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ àti ní ilé ìjọsìn. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ni ó máa ń kọ́ ọ bí ẹni pé òkè òkun ni ó ti wá. Èrò iṣẹ́ yìí ni pé ọ̀rọ̀ náà ti wà nínú lítíréṣọ̀ Yorùbá tipẹ́, àti pé ìwé ìtàn àròsọ D. O. Fágúnwà, Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, gbé e yẹ̀wò dé ibi tí ọ̀pọ̀ ìwé ìmọ̀ràn kò dé. Iṣẹ́ yìí yóò tún tọ́ka sí ibi tí ìwé náà kù sí.

Ìlú Ọ̀yọ́ àti Òǹkọ̀wé

Òkè-Igbó ni wọ́n ti bí Fágúnwà ní 1903, ṣùgbọ́n Ọ̀yọ́ ni ó ti di olùkọ́. Ó kẹ́kọ̀ọ́ ní St. Andrew’s College láti 1926 sí 1929, ó sì ń ṣiṣẹ́ olùkọ́ ní Ọ̀yọ́ títí di 1939. Èyí já sí pé ẹnu iṣẹ́ olùkọ́ ni ó wà ní ìlú náà nígbà tí ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1938. Kò yẹ kí ó ya òǹkàwé lẹ́nu, nígbà náà, pé ìwé tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọdẹ àti iwin parí sí iwájú olùkọ́ni.

Ìfẹ́-ọkàn Yàtọ̀ sí Àfojúsùn

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Àkàrà-Oògùn lọ sínú igbó. Ní ìgbà méjì àkọ́kọ́, òun nìkan ni ó lọ, ìṣe ọdẹ àti ìfẹ́ inú ara rẹ̀ ni ó sì gbé e lọ. Ó lágbára, ó ní oògùn, àyà rẹ̀ sì le. Ó bá Àgbákò wọ̀yá ìjà. Bí ó ti wù kí ó rí, a kò rí i kí ó dárúkọ ohun kan pàtó tí yóò mú bọ̀ tí yóò sì tún ayé rẹ̀ ṣe. Ìfẹ́-ọkàn ni èyí. Kò tíì di àfojúsùn.

Ìrìnàjò kẹta ni ó yàtọ̀. Ọba ìlú pè é, ó sì rán an lọ sí Òkè Láńgbòdó láti gba ohun kan tí yóò mú àlàáfíà wá sí ìlú. Ohun mẹ́rin ni ó wà nínú iṣẹ́ tí ọba rán an yìí: ibi tí wọ́n ń lọ ní orúkọ, ohun tí wọ́n fẹ́ mú bọ̀ hàn kedere, ìdí tí wọ́n fi fẹ́ ẹ kò farasin, wọ́n sì kó ẹlẹgbẹ́ jọ kí wọ́n tó gbéra. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá fi ohun mẹ́rin wọ̀nyí wọn ìpinnu tirẹ̀, yóò tètè mọ̀ bóyá àfojúsùn ni tàbí ìfẹ́-ọkàn lásán. Ẹni tí ó ní òun fẹ́ ní ìlera kò tíì dárúkọ òkè kankan. Ẹni tí ó ní òun yóò máa fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ní ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, tí ó sì bá ọ̀rẹ́ kan ṣe àdéhùn lórí rẹ̀, ti gbéra.

Ara, Ọkàn àti Ẹ̀mí

Àwọn ẹlẹgbẹ́ tí wọ́n bá Àkàrà-Oògùn lọ fi hàn pé òǹkọ̀wé mọ̀ pé agbára ara nìkan kò lè gbé ènìyàn dé òkè. Kàkò dúró fún agbára ara. Ìmọ̀-dòye, gẹ́gẹ́ bí orúkọ rẹ̀, dúró fún ìmọ̀ tí ó ti di òye. Olóhùn-iyọ̀ ní ohùn orin. Ipò tí Olóhùn-iyọ̀ wà ṣe pàtàkì púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé orin kì í pa ẹranko, kì í sì í wo ọgbẹ́; ọkàn tí ó rẹ̀wẹ̀sì ni ó ń gbé dìde. Òǹkọ̀wé tí ó fi olórin kún ọ̀wọ́ àwọn ọdẹ mọ̀ pé àárẹ̀ ọkàn lè dá ìrìnàjò dúró ṣáájú àárẹ̀ ẹsẹ̀.

Ní ti ẹ̀mí, àdúrà sí Ọlọ́run àti oògùn jọ ń ṣiṣẹ́ nínú ìwé náà, ṣùgbọ́n ilé Ìrágbèje ni ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ti kẹ́sẹ̀ jálẹ̀. Ọjọ́ méje ni àwọn ọdẹ lò lọ́dọ̀ rẹ̀, tí ó ń kọ́ wọn ní ọmọ títọ́, ìwà ọmọlúàbí àti ìbẹ̀rù Ẹlẹ́dàá. Ibi yìí ni ìwé náà ti lágbára jù. Àwọn tí wọ́n lọ wá àlàáfíà bí ohun tí a lè gbé dání rí i pé ẹ̀kọ́ ni wọ́n ní láti kọ́kọ́ jókòó gbà, lọ́jọ́ dé ọjọ́. Oògùn a máa jẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ìwà kò rí bẹ́ẹ̀.

Ibi tí Ìwé náà Kù Sí

Àléébù méjì ni ó yẹ kí olùkọ́ má ṣe bò mọ́lẹ̀. Èkíní ni pé kò sí ọdẹ kan tí ó dìde nílé Ìrágbèje láti sọ ohun tí òun fúnra rẹ̀ fẹ́ fi ẹ̀kọ́ náà ṣe. Ọba ni ó gbé àfojúsùn kalẹ̀, Ìrágbèje ni ó ṣàlàyé rẹ̀, àwọn ọdẹ sì gbọ́. Ìgbọràn pọ̀ níbẹ̀. Ìpinnu ara ẹni kò tó nǹkan.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ Kàkò. Nígbà tí ó fẹ́ bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, obìnrin tí ó fẹ́ fi ṣe aya dì mọ́ ọn pé kò gbọdọ̀ fi òun sílẹ̀. Kàkò bínú, ó pa á, ó sì bá ọ̀nà lọ. Ìtàn náà kò dúró pẹ́ lórí òkú obìnrin yìí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń wá àlàáfíà tí ó sì pa ẹni tí ó súnmọ́ ọn jù ti pàdánù apá kan nínú ohun tí ó ń wá kí ó tó kúrò nílé. Ìbéèrè tí ìwé náà kò dáhùn ni pé: ta ni ó ń san owó àfojúsùn ẹlòmíràn? Ìbéèrè yìí wà láàyè ní ilé gbogbo tí bàbá tàbí ìyá ti ń lépa oyè, ipò tàbí ìwà mímọ́, tí ará ilé sì ń ru ẹrù rẹ̀.

Ọdẹ Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọmọ Òtú

Ìtàn méjì lè ran olùkọ́ lọ́wọ́ láti dí àlàfo yìí. Ìtàn àtẹnudẹ́nu Ògbómọ̀ṣọ́ sọ pé ọdẹ ni Ògúnlọlá, pé abẹ́ igi àjàgbọn ni ó tẹ̀dó sí, àti pé ẹ̀sùn ìpànìyàn sọ ọ́ di ẹlẹ́wọ̀n ní ààfin Aláàfin ní Ọ̀yọ́-Ilé. Nínú ìgbèkùn náà ni ó ti bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun kojú Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́, jagunjagun tí ó ń da ìlú láàmú. Ó gbórí Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ wálé, ó gba òmìnira, ìṣe náà sì di orúkọ ìlú. Ọba kọ́ ni ó rán Ògúnlọlá. Òun ni ó yan iṣẹ́ náà fún ara rẹ̀ nígbà tí ara rẹ̀ wà nínú ìdè. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé ọkàn lè gbéra kí ara tó gba àyè.

Nínú Ọmọ Olókùn Ẹṣin tí Adébáyọ̀ Fálétí, ọmọ Ọ̀yọ́, gbé jáde ní 1969, Àjàyí ará Òtú kọ̀ láti máa gé koríko fún ẹṣin Olúmokò. Ìyà jẹ ara rẹ̀ nítorí ìpinnu náà. Bí ó bá jẹ́ ìlera ara nìkan ni òdiwọ̀n, Àjàyí kùnà. Ṣùgbọ́n ìwé náà mú kí òǹkàwé rí i pé ara tí ó sanra nínú ìsìnrú kò tíì ní àlàáfíà. Àfojúsùn Àjàyí tún kan gbogbo ará ìlú rẹ̀. Ibi tí ó ti yàtọ̀ sí Kàkò nìyí.

Ìwúlò fún Olùkọ́

Ìlú méjèèjì yìí ní ẹ̀rí tí akẹ́kọ̀ọ́ lè fojú rí. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn oníwàásù Onítẹ̀bọmi bẹ̀rẹ̀ ní 1898, iṣẹ́ ìwòsàn ìjọ kan náà sì fìdí múlẹ̀ ní 1907. Ilé ìwòsàn yẹn ni ó di Bowen University Teaching Hospital ní 2009. Ìlú kan náà gba àwọn tí ń tọ́jú ara àti àwọn tí ń tọ́jú ẹ̀mí. Ìtọ́jú ọkàn ni ó ṣì ń fẹ́ àfiyèsí nínú kíláàsì, nítorí pé akẹ́kọ̀ọ́ tí ọkàn rẹ̀ wúwo ni wọ́n sáábà máa ń pè ní ọ̀lẹ.

Olùkọ́ tí ó bá ń kọ́ni ní ìwé Fágúnwà lè ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan kọ àfojúsùn mẹ́ta, ọ̀kan fún ara, ọ̀kan fún ọkàn, ọ̀kan fún ẹ̀mí, kí ó fi ohun mẹ́rin inú iṣẹ́ ọba wọ̀n wọ́n, kí ó sì kọ orúkọ ẹni tí ìpinnu náà lè ni lára. Kò yẹ kí olùkọ́ fún ẹnikẹ́ni ní máàkì lórí bí ẹ̀sìn rẹ̀ ti jinlẹ̀ tó. Mùsùlùmí, Kírísítẹ́nì àti ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ ni ó jọ ń jókòó ní kíláàsì Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, Òkè Láńgbòdó kálukú wọn kò sì ní láti jẹ́ ọ̀kan náà.

Àgbálọgbábọ̀

Iṣẹ́ yìí ti fi hàn pé Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ya àfojúsùn sọ́tọ̀ kúrò lára ìfẹ́-ọkàn, ó so ara, ọkàn àti ẹ̀mí pọ̀, ó sì fi ẹ̀kọ́ ojoojúmọ́ ṣáájú oògùn. Ó tún fi hàn pé ìwé náà fi ohùn ọdẹ kọ̀ọ̀kan pamọ́, ó sì yára kọjá lára òkú obìnrin kan. Kì í ṣe gbogbo ọdẹ tí ó lọ ni ó padà wálé. Olùkọ́ tí ó bá ń rán ọmọ lọ sí òkè gbọ́dọ̀ sọ ìyẹn fún un pẹ̀lú, kí ó sì jẹ́ kí ọmọ náà fi ẹnu ara rẹ̀ dárúkọ ohun tí ó ń lọ mú bọ̀.